Ehoro Tí Màmá Ń Pè Ní Fẹ́mi

Nígbà tí Olúwafúnkẹ́ Adégòkè ń kúrò ní Ìbàdàn padà sí Fìdítì, ó sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé òun kò ní pẹ́ dé. Aránṣọ ni. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Mọ́kọ́lá, àwọn obìnrin tó mọ aṣọ wọ̀ sì máa ń kún ibẹ̀ bí ọdún bá ti ń súnmọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ará ìjọ ìyá rẹ̀ kò yéé pè é lórí fóònù pé kó wá wo ìyá rẹ̀. Ní àárọ̀ Sátidé kan, Màmá wọṣọ, wọ́n gbé báàgì kọ́ apá, wọ́n lọ dúró síwájú ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọ Onítẹ̀bọmi tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Wọ́n ń bínú pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò tíì lu aago.

Dorcas ni orúkọ Màmá. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti di bàbá àti ìyá ní àdúgbò náà ló jókòó níwájú wọn ní kíláàsì kẹta, wọ́n sì ṣì ń pè wọ́n ní tíṣà. Ọkọ wọn, Nehemiah, ti kú. Ọmọ méjì ni wọ́n bí. Fúnkẹ́ ni àgbà, òun nìkan ló sì kù. Nígbà tó dé ilé tó rí ìkòkò tó jóná mọ́ orí sítóòfù, tó rí i pé ìyá òun wọ bàtà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sí ẹsẹ̀, ó mọ̀ pé òun kò ní padà sí Mọ́kọ́lá mọ́. Ó lọ kó ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wálé. Yàrá iwájú di ṣọ́ọ̀bù.

Fúnkẹ́ lè fara da oúnjẹ tí Màmá ń dà nù àti ìwẹ̀ tí wọ́n ń kọ̀. Ọ̀rọ̀ Fẹ́mi ni kò lè fara dà.

Ọlọ́runfẹ́mi ni àbúrò Fúnkẹ́. Fìdítì ló ń gbé, Ìbàdàn ló ń lọ ṣiṣẹ́, a máa wọ bọ́ọ̀sì lọ láàárọ̀, a sì máa wọ bọ́ọ̀sì bọ̀ nírọ̀lẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan bọ́ọ̀sì tó wọ̀ bọ̀ kọ lu ọkọ̀ epo tó dúró sójú ọ̀nà, Fẹ́mi sì kú. Màmá wà níbi ìsìnkú náà. Wọ́n dúró ṣinṣin, wọ́n kọrin, wọ́n tún dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Nígbà tí àìsàn ìgbàgbé yìí dé, ó kó ìsìnkú náà lọ, ó fi ọmọ náà sílẹ̀.

“Fúnkẹ́, Fẹ́mi ò tíì dé?”

Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n béèrè, Fúnkẹ́ sọ òótọ́. Igbe tí Màmá ké lọ́jọ́ náà, igbe ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ ọmọ rẹ̀ fún ni. Wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n tú gèlè. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n jí, wọ́n jẹ ẹ̀kọ, wọ́n sì tún béèrè pé Fẹ́mi dà. Fúnkẹ́ dúró pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́. Kò lè tún pa ọmọ náà lẹ́ẹ̀kejì.

“Ó wà lọ́nà, Màmá.”

Láti ọjọ́ yẹn ni Màmá ti ń gbé àga síbi fèrèsé ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n ń wo àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, títí oorun á fi gbé wọn lọ níbẹ̀.

Bàbá Habeebullah ló mú ehoro náà wá. Àgbẹ̀ ni ní Imini, Màmá ti kọ́ ọ ní ìwé nígbà kan. Ó máa ń kó iṣu wá kí tíṣà rẹ̀ bí ó bá kórè. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, páálí kékeré kan wà lórí iṣu náà, ehoro kan sì wà nínú rẹ̀ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, àwọ̀ rẹ̀ bí eérú. Ìyá rẹ̀ ti kú, àwọn tí wọ́n jọ bí náà ti kú tán.

“Ẹ jọ̀ọ́, tíṣà, ẹ bá mi gbà á,” ni ó wí. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ fún Fúnkẹ́. “Mo rò pé bí ọwọ́ wọn bá rí nǹkan mú, ọkàn wọn á sinmi díẹ̀.”

Màmá gbé ehoro náà lé orí itan. Wọ́n fi òwú bọ mílíìkì, wọ́n ń kán an sí i lẹ́nu, ọwọ́ wọn kò sì gbọ̀n rárá. Fúnkẹ́ wo ọwọ́ náà títí.

Ehoro náà dàgbà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ewé ọ̀dùnkún àti koríko, Màmá sì ń jí ní kùtùkùtù láti já ewé náà lẹ́yìn ilé. Ìgbà tó lágbára tán ni wàhálà dé. Fúnkẹ́ rò pé ilẹ̀ ni ehoro ń gbé. Eléyìí kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó bọ́ sórí àpótí ìjókòó, ó ti ibẹ̀ bọ́ sórí àga, ó ti orí àga dé orí tábìlì tí Fúnkẹ́ ti ń gé aṣọ. Ó tọ̀ sórí léèsì oníbàárà. Ó jẹ wáyà áyọ́ọ̀nù títí tí irin inú rẹ̀ fi hàn síta. Lọ́jọ́ kan Fúnkẹ́ wá a wá a, kò rí i, kó tó gbójú sókè tó rí i lórí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, etí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà, tó ń wo gbogbo ilé bí onílé.

Màmá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Fẹ́mi, sọ̀ kalẹ̀. Ṣé o tún fẹ́ dá apá ni?”

Fúnkẹ́ ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó dá ọwọ́ dúró. Nígbà tí Fẹ́mi wà ní kékeré, kò sí igi ọsàn kan lẹ́yìn ilé wọn tí kò gùn. Ó já bọ́ lọ́dún kan, apá rẹ̀ dá, Màmá sì gbé e sẹ́yìn lọ sí ọsíbítù bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti dàgbà ju ẹni à ń pọ̀n lọ. Fúnkẹ́ ti gbàgbé. Màmá kò gbàgbé.

Láti ọjọ́ náà ni ehoro ti di Fẹ́mi, Màmá kò sì béèrè Fẹ́mi mọ́. Àga kúrò níbi fèrèsé. Bí bọ́ọ̀sì bá dúró, wọn kì í gbójú wò ó. Ohun tí wọ́n ń retí ti wà nínú ilé.

Kò dùn mọ́ gbogbo èèyàn. Ìyá Títílayọ̀, tó jẹ́ àgbà láàárín àwọn obìnrin ìjọ, wá kí wọn ní ọjọ́ Àìkú kan. Ó gbọ́ orúkọ náà, ó sì fa Fúnkẹ́ sí ẹ̀yìn ilé.

“Fúnkẹ́, orúkọ òkú lẹ fi ń pe ẹranko?”

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pè é bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń pè é, wọn ò sunkún mọ́.”

Ìyá Títílayọ̀ mi orí. Kò fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ mọ́.

Fúnkẹ́ kọ́kọ́ gbìyànjú láti lé ehoro náà sí ìta. Ó ní kí káfíńtà kan kan àgò onígi fún un sí ẹ̀yìn ilé. Òjò winniwinni ń rọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Fúnkẹ́ sì bá Màmá níbi àgò náà, wọ́n lóṣòó tì í, gèlè wọn ti rin, ìka wọn wà láàárín igi méjì. Ó gbé àwọn méjèèjì wọlé. Àgò náà di ibi tí adìyẹ ń yé sí.

Ó wá lọ bá dókítà ẹranko kan tó máa ń wá sí Ìlọrà. Ọkùnrin náà kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

“Ẹ ò lè bá a jà lórí gígùn, mà,” ni ó sọ. “Àwọn kan wà bẹ́ẹ̀, wọ́n fẹ́ràn ibi gíga. Ẹ kàn fún un ní ibi tó lè gùn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀rù fún. Egungun ẹ̀yìn ehoro kò lágbára. Ó mọ gígùn, kò mọ sísọ̀. Fífò ló máa fò, bí ilẹ̀ bá sì ń yọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á dá.”

Fúnkẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà wálé, ó sì fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Táìsì ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ ilé náà, ó sì ń dán. Ó rán àpò ìrẹsì pọ̀ mọ́ àjákù àńkárá, ó tẹ́ ẹ sí ibi gbogbo tí ehoro lè balẹ̀ sí. Ó to àpótí bí àtẹ̀gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Màmá, ó fi fóòmù àti aṣọ bò wọ́n, kí ehoro lè máa rìn gòkè kó sì máa rìn sọ̀. Àpótí tó ga jù kò kọjá èjìká Màmá bí wọ́n bá jókòó. Ó gbé gbogbo wáyà kúrò nílẹ̀. Ó sún àga jìnnà sí kọ́bọ́ọ̀dù, kò sì jẹ́ kí ohunkóhun dúró tì í, torí ó mọ̀ pé bí ehoro náà bá ti rí ibi ìtẹ̀sẹ̀, orí kọ́bọ́ọ̀dù ló ń lọ. Ní gbogbo àárọ̀, kó tó jókòó sídìí ẹ̀rọ, á kọ́kọ́ yí yàrá náà po, á wo ohun tó lè di àtẹ̀gùn.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń gbé. Ẹ̀rọ á máa dún, Màmá á máa kọrin, ehoro á gun àpótí kan dé èkejì títí á fi dé ẹ̀gbẹ́ etí wọn, á wá gbé ẹnu lé wọn léjìká. Fúnkẹ́ máa ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé òun kò rí ìyá òun bẹ́ẹ̀ rí láti kékeré. Tíṣà ni wọ́n nígbà náà, wọ́n le. Ìyá tó ń rẹ́rìn-ín nítorí irùngbọ̀n ehoro ń rìn ín ní ọrùn, Fúnkẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá a pàdé ni.

Ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ náà. Ìyàwó kan ní Ìlọrà fẹ́ gba aṣọ rẹ̀, iṣẹ́ sì há Fúnkẹ́ lọ́wọ́. Obìnrin mìíràn gbé àpò aṣọ ńlá méjì wá láti rán. Kò sí àyè nílẹ̀. Fúnkẹ́ to àwọn àpò náà lé ara wọn síbi kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní òun á kó wọn bí òun bá parí ọwọ́ aṣọ yìí. Ó jáde lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó ń bá ọlọ́kadà tí ìyàwó náà rán wá sọ̀rọ̀.

Ó gbọ́ ohùn Màmá láti inú ilé. “Fẹ́mi, dúró. Má mira. Mò ń bọ̀ wá gbé ọ.”

Ó sáré. Màmá ti gun àga onírọ́bà, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sókè sí orí kọ́bọ́ọ̀dù. Fúnkẹ́ kò tíì dé àárín yàrá tí àga náà fi yọ̀ lábẹ́ wọn.

Egungun ìbàdí wọn ló dá. Ní ọsíbítù ní Ọ̀yọ́, dókítà sọ pé ọjọ́ orí wọn kò jẹ́ kí òun lè ṣe púpọ̀. Fúnkẹ́ sùn sórí ẹní lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Ó ń pààrọ̀ aṣọ wọn, ó ń gbọ́ ìrora wọn, inú sì ń bí i. Kò lè bínú sí Màmá. Kò fẹ́ rántí ẹni tó to àpò aṣọ síbi kọ́bọ́ọ̀dù. Ehoro ló kù tó lè bínú sí.

Ní ọjọ́ tó wálé wá mú aṣọ, ó bá ehoro náà lórí àga Màmá. Kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé e sínú apẹ̀rẹ̀, ó fi aṣọ bò ó, ó wọ ọ̀kadà lọ sí Akinmorin, sí ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń jẹ́ Ìbíyẹmí. Fúnkẹ́ ti máa ń ránṣọ fún un. Ìbíyẹmí ń sin ehoro lẹ́yìn ilé rẹ̀, ó kó wọn sínú àgò onírin gíga.

“Ṣé ẹ kò fẹ́ ẹ mọ́ ni?” ni Ìbíyẹmí béèrè.

“Ẹ máa mú un.”

“Ṣé ó ní nǹkan tó ń ṣe é?”

“Kò sí nǹkan tó ń ṣe é.”

Bí ó ti sọ nìyẹn. Ọlọ́kadà náà kò tilẹ̀ tíì pa ẹ̀rọ tí ó fi tún gun ẹ̀yìn rẹ̀.

Wọ́n gbé Màmá wálé, wọ́n tẹ́ wọn sí yàrá iwájú kí Fúnkẹ́ lè máa rí wọn bó ti ń ṣiṣẹ́. Wọn kò lè dìde mọ́. Ojú wọn ń lọ káàkiri yàrá náà, ó lọ sórí àpótí, ó lọ sórí tábìlì, ó lọ sókè kọ́bọ́ọ̀dù.

“Fẹ́mi dà?”

“Ó jáde, Màmá.”

“Ṣé ó já bọ́ ni?”

“Kò já bọ́.”

“Mo fẹ́ mú un ni. Ọwọ́ mi ò tó o.”

Fúnkẹ́ yíjú sí ẹ̀rọ rẹ̀. Màmá kò jẹ ẹ̀kọ lọ́jọ́ náà. Wọn kò jẹ ẹ̀bà ní ọjọ́ kejì. Gbogbo ìgbà tí Fúnkẹ́ bá gbé ṣíbí súnmọ́ wọn, wọ́n á ní kó jẹ́ kí Fẹ́mi kọ́kọ́ dé. Nígbà tí ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í joro, Fúnkẹ́ bẹ Ìyá Títílayọ̀ kó wá jókòó tì wọ́n, ó sì gba Akinmorin lọ. Lẹ́yìn ọ̀kadà, ó ń ronú ohun tó máa sọ. Ó ti pinnu láti san iye yòówù tí Ìbíyẹmí bá ní òun fẹ́.

Ìbíyẹmí ń bó ẹ̀gẹ́ nígbà tó dé. Ó wo ojú rẹ̀, ó sì gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

“Ẹ̀yin Ìyá Aránṣọ, ẹ má bínú. Ó ti kú.”

Fúnkẹ́ yíjú sí àgò onírin náà.

“Kò pẹ́ rárá tí ẹ mú un wá. Ó ń gun wáyà àgò náà. Bí mo bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, á tún gùn ún. Èmi ò rí ehoro tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Mo dé láti oko ni mo bá a nílẹ̀, ó ń fa ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì. Sìmẹ́ńtì ló wà nísàlẹ̀ ibẹ̀.” Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró. “Ẹ ò sọ fún mi pé ó máa ń gun nǹkan. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti tẹ́ nǹkan síbẹ̀.”

Fúnkẹ́ jókòó sórí òkìtì ẹ̀gẹ́ náà. Gbogbo ohun tó yẹ kí èèyàn mọ̀ nípa ehoro náà ló mọ̀. Ó mọ bí àpótí ṣe gbọ́dọ̀ ga sí, ó mọ bí aṣọ ilẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó, ó mọ ẹ̀yìn tó lè dá. Gbólóhùn kan péré ni ì bá sọ.

Ìbíyẹmí kò mọ ohun tó lè ṣe fún un. Ó lọ síbi àgò, ó mú ehoro kékeré kan jáde, àwọ̀ eérú ni òun náà, ó sì kọ̀ láti gba kọ́bọ̀.

“Ẹ mú eléyìí lọ fún Màmá. Wọn ò ní mọ̀.”

Fúnkẹ́ náà rò pé wọn kò ní mọ̀. Wọn kò mọ ọjọ́, wọn kò mọ oṣù, nígbà mìíràn wọn kò mọ ilé. Ó gbé ehoro náà lé àyà wọn rọra. Màmá wò ó. Wọ́n fi ìka kan kàn án ní etí.

“Ehoro ta nìyí?”

“Tiyín ni, Màmá.”

“Mi ò ní ehoro.” Wọ́n sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, bí tíṣà tó ń bá ọmọ kíláàsì rẹ̀ sọ̀rọ̀. “Gbé e padà fún ẹni tó ni ín. Onítọ̀hún á máa wá a kiri.”

Ìyá Títílayọ̀ bojú wo ilẹ̀. Ó dìde, ó mú ehoro náà kúrò ní àyà Màmá, ó gbé e jáde, kò sì tún sọ ohunkóhun nípa orúkọ òkú àti ẹranko.

Nígbà tó ku àwọn méjèèjì nínú yàrá, Màmá tún béèrè.

“Fúnkẹ́, Fẹ́mi dà?”

Fúnkẹ́ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó fẹ́ sọ pé ó wà lọ́nà.

“Fẹ́mi ti kú, Màmá.”

Ó ń retí igbe. Màmá kò ké. Omi kàn ń ṣàn láti ojú wọn sínú etí, torí pé ìdùbúlẹ̀ ni wọ́n wà.

“Ṣé ó já bọ́ ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, ó já bọ́.”

“Ṣé o wà níbẹ̀?”

“Mi ò sí níbẹ̀, Màmá. Mo fi í sílẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíràn. Mi ò sọ fún wọn pé ó máa ń gun nǹkan.”

Bí ó ti sọ ọ́ báyìí ni ẹkún gbé e. Kò sunkún tó bẹ́ẹ̀ níbi ìsìnkú àbúrò rẹ̀, nítorí pé lọ́jọ́ náà òun ló ń pín oúnjẹ fún àlejò. Ó gbé orí lé etí bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó rí i pé ọwọ́ kan wà lórí irun òun.

“Ó tó,” ni Màmá wí. “Ó tó báyìí. Ṣé o ti jẹun?”

“Mi ò tíì jẹun.”

“Lọ gbé oúnjẹ wá. Ká jọ jẹ ẹ́.”

Wọ́n jẹun lọ́jọ́ náà, ìwọ̀nba díẹ̀. Màmá lo oṣù díẹ̀ sí i lórí ìdùbúlẹ̀, wọ́n sì kú ní àárọ̀ ọjọ́ kan lásìkò ọyẹ́, Fúnkẹ́ di ọwọ́ wọn mú. Wọ́n sin wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ wọn. Àwọn tí wọ́n kọ́ níwèé ló gbé pósí náà, Bàbá Habeebullah sì wà lára wọn.

Fúnkẹ́ kò padà sí Ìbàdàn. Ó ṣì ń ránṣọ ní yàrá iwájú yẹn ní Fìdítì, oníbàárà sì ń wá bá a níbẹ̀. Bí ẹni tó fọkàn tán bá jókòó tì í pẹ́, ó lè sọ gbogbo ìtàn yìí fún un. Ó ní ohun kan ṣoṣo ló kù tí kò yé òun. Láti ọjọ́ tí òun ti sọ òótọ́ yẹn títí wọ́n fi kú, Màmá kò béèrè Fẹ́mi mọ́, ì báà ṣe lẹ́ẹ̀kan. Òun kò sì lè sọ bóyá wọ́n rántí pé ó ti kú ni, tàbí wọ́n ti gbàgbé pé àwọn bí i rí.